Àpólò Wọ Ilé Wa ní Ìsọlọ̀

Ọjọ́ Túsìdeè ni, ọjọ́ ọjà Aswani. Ìyàwó mi ti ru àǹkárá rẹ̀ lọ sí ọjà láti ìdájí, ó sì ku èmi nìkan nílé wa ní Ìsọlọ̀, tí mo jókòó sí ìloro tí mo ń ka ìwé ìròyìn, bí àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ti máa ń ṣe. Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tí ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ilé-ìwé dé. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí mo ní kí ó gbé ọwọ́ kúrò, mo rí i pé ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n bí ata, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ipin sì ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kí ó jókòó sílé títí ojú náà yóò fi mọ́, kí ó má baà ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, yọjú wò ó, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Yéè! Bàbá, Àpólò ti wọ ilé yín o!"

Ọmọ náà fi ojú kan tó mọ́ wò mí, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Àpólò ni orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí òṣùpá. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pe àìsàn ojú bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọdún 35 ni mo fi ṣe olùkọ́, ìbéèrè ọmọdé kì í sì í bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n èyí pa mí lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe pé n kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ti fẹ́ lọ. Láti ọdún 1969 ni ìdáhùn náà ti ń dùn mí lọ́kàn, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kan rí. Mo rí i nísinsìnyí pé ó yẹ kí n sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin ọlọ́jà, ó kan ẹ̀yin olùkọ́, ó sì kan gbogbo ẹni tó bá ní ọmọ nílé.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní 1969, àbúrò mi ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wa ni a ń gbé ní Ìsọlọ̀. Ìsọlọ̀ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ lónìí. Òkùnkùn alẹ́ ṣú dáadáa, ìràwọ̀ sì pọ̀ lójú ọ̀run bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀. Ìyá àgbà ni ó kọ́ wa ní ohun tó wà lókè. Òun ni ó fi àgùàlà hàn wá, tí ó sọ fún wa pé bó ti wù kí ó máa bá òṣùpá rìn tó, kì í ṣe ajá òṣùpá. Òun náà ni ó sọ fún wa pé ọkùnrin kan wà nínú òṣùpá tó ń la igi, pé nítorí ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi ni a ṣe rán an lọ síbẹ̀. Bí òṣùpá bá lé, a ó jókòó yí i ká, a ó máa gbọ́ àlọ́ títí oorun yóò fi gbé wa lọ.

Nígbà tó di oṣù keje ọdún náà, rédíò bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn pé àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Neil Armstrong, Buzz Aldrin àti Michael Collins, ń lọ sí òṣùpá nínú ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Apollo 11. Ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Ìròyìn tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ kò ju ti ìbọn àti ti ebi lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìròyìn òṣùpá fi dùn mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù keje, àwọn àgbà kó wa jáde síta, wọ́n ń nawọ́ sókè. Òṣùpá náà kò tíì kún. Nígbà tí Armstrong fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ kejì ni ó fẹ́ lù ní tiwa níhìn-ín, gbogbo wa sì ti sùn. Ibi tí ó jìnnà sí wa tó nǹkan bí kìlómítà 384,000 ni ó dúró sí.

Ní àárọ̀, nígbà tí bàbá wa ròyìn rẹ̀ tán, Ìyá àgbà béèrè pé, "Ṣé wọ́n bá ọkùnrin tó ń la igi yẹn níbẹ̀?" Bàbá dáhùn pé wọn kò bá ẹnì kankan. Ìyá àgbà mi orí, ó ní, "Yóò ti sá pamọ́ fún Òyìnbó ni."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó tún fẹ́ ṣe eré ogun mọ́. Gbogbo wa ni à ń ṣe eré òṣùpá. Àbúrò mi wá akèrègbè kan tó ti fọ́, ó dé e sórí bí akoto, ó ń fò díẹ̀díẹ̀ kiri àgbàlá bí ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́, a sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Mo ṣì ń rí akèrègbè yẹn lójú ara mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àrùn ojú dé. Accra ní Ghana ni ó ti kọ́kọ́ jáde, ó sì tọ etíkun wá bá wa. Bí ó bá wọ ilé kan, kì í jáde títí yóò fi kárí tọmọdé tàgbà. Ojú á pọ́n, á wú, á máa ta ènìyàn bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn wá wò ó pé ọdún yìí kan náà ni Òyìnbó lọ tẹ òṣùpá mọ́lẹ̀. Wọ́n ní eruku rẹ̀ ni ó bọ́ sí wa lójú. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Àpólò nìyẹn, láti Ghana dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu wa títí di òní.

Awàdà wà nínú orúkọ náà, n kò jiyàn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ ọ̀rọ̀ í dá. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í jẹ́ orúkọ lásán. Bí àrùn bá ti òṣùpá wá, ta ni yóò gbé e lọ bá dókítà? Dókítà wo ni ó mọ oògùn eruku òṣùpá? Ìyá àgbà ní àrùn tí kì í ṣe ti ilẹ̀ ayé, ohun tó le ju omi lọ ni yóò ṣẹ́gun rẹ̀. Ó ra oògùn olómi kan nínú ìgò lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri.

Ojú àbúrò mi ni ó kọ́kọ́ pọ́n. Nígbà tí wọ́n kán omi inú ìgò náà sí i, ó fò sókè bí ẹni tí iná jó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fẹ́ kán an sí i lẹ́ẹ̀kejì, ó sá sábẹ́ ibùsùn. Ìyá àgbà ní kí n wọ́ ọ jáde, kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo wọ́ ọ jáde. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó ń pe orúkọ mi, ó ń bẹ̀ mí, n kò sì jẹ́ kí ó bọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá wa ti ìrìn-àjò dé tí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, egbò ti mú ẹyinjú òsì rẹ̀. Ojú náà san lóòótọ́, ṣùgbọ́n funfun bò ó, kò sì fi ríran mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ojú tèmi náà pọ́n lẹ́yìn tirẹ̀. Oògùn inú ìgò ti tán nígbà tó kàn mí. Omi lásán ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti mọ́ kedere.

Ìyá àgbà kò wí nǹkan kan títí ó fi kú, ṣùgbọ́n kò tún pa àlọ́ ní alẹ́ òṣùpá mọ́. Ní tèmi, mo kórìíra òṣùpá. Nígbà tí mo di olùkọ́ ní Òṣòdì, bí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ òòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, ńṣe ni mo máa ń sáré kọjá. Ní ọdún kan, ọmọ kan ya rọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, ó yà á dáadáa, ó kun ún ní pupa. Mo fa ojú ìwé náà ya lójú gbogbo kíláàsì. Mo ní kí ó gbájú mọ́ ohun tó wà nílẹ̀. N kò mọ ibi tí ọmọ náà wà lónìí. Bí ó bá ń ka èyí, mo tọrọ àforíjì.

Ohun tó là mí lójú kò pọ̀. Mo ń ka ìwé kan nípa àrùn ojú, ní ìmúrasílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, ni mo bá rí i kà pé oṣù kẹfà ọdún 1969 ni wọ́n ti rí àrùn yìí ní Accra. Oṣù kẹfà! Ní oṣù keje ni ẹsẹ̀ ènìyàn tó kan òṣùpá. Mo ka ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àrùn náà ti wà láàárín wa kí ọkọ̀ náà tó gbéra. Kòkòrò kan tó kéré tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á, àwọn onímọ̀ sì pe orúkọ rẹ̀ ní enterovirus 70. Ọwọ́ tí a fi nu ojú, tí a tún fi bọ ẹlòmíràn lọ́wọ́, ni ẹṣin rẹ̀. Aṣọ ìnujú kan ṣoṣo tí gbogbo ilé jọ ń lò ni ọkọ̀ rẹ̀. Òṣùpá kò mọ nǹkan kan nípa ojú àbúrò mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ohun tó pa àwa àti òfuurufú pọ̀, mo sì rí i pé ohun òkè ti wọ ilé wa kí a tó gbọ́ orúkọ Àpólò rárá. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1962, nígbà tí John Glenn ará Amẹ́ríkà yí ayé po ní ẹ̀ẹ̀mẹta, Kánò wà lára àwọn ibùdó tó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti ń kọjá lókè. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Kingsport gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Olórí ìjọba wa, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, wọ inú rẹ̀, ó sì bá Ààrẹ Kennedy tó wà ní Washington sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ohùn wọn kò gba wáyà abẹ́ òkun kọjá. Ó gba ara sátẹ́láìtì Syncom 2 lọ, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè ní oṣù keje ọdún náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì yóò fi sátẹ́láìtì bá ara wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ní èbúté Èkó wa níhìn-ín sì ni ẹnì kan nínú wọn wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn méjì bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òkè ńlá, wọn kò lè rí ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kẹta bá dúró lórí òkè náà, yóò máa gbọ́ ti ẹni ìhín, yóò sì máa sọ ọ́ fún ẹni ọ̀hún. Ẹnì kẹta yẹn ni sátẹ́láìtì. Bí wọ́n bá gbé e dé nǹkan bí kìlómítà 36,000 lókè, yóò máa yí ayé po ní ìwọ̀n àkókò kan náà tí ayé fi ń yí ara rẹ̀ po. Bí ó bá wá jẹ́ pé òkè ìlà tó pín ayé sí méjì ni wọ́n gbé e sí, lójú àwa tó wà nísàlẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń so dìíṣì tẹlifíṣọ̀n ní Òṣòdì fi máa ń wá ojú ibì kan lójú ọ̀run, tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á dè é pinpin, dìíṣì náà kò sì ní í yí mọ́. Bọ́ọ̀lù tí à ń wò ní ọjọ́ Sátidé, ibẹ̀ ni ó ń gbà wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba kọ́ ibùdó tí yóò máa bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ sí Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì tirẹ̀ àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Ní 2017, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, pẹ̀lú àwọn ará Japan, fi sátẹ́láìtì kékeré kan ránṣẹ́ sókè tí gígùn, ìbú àti òró rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Páálí tí ọmọ ilé-ìwé lè gbé sórí àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fojú inú wò. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kò sí lókè mọ́, ṣùgbọ́n ó lọ.

Mo ń sọ gbogbo èyí fún ọmọ-ọmọ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè náà ni bàbá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ mi yìí, awakọ̀ ni. Ó mọ̀ pé ilé-ìwé ọmọ náà ti ní kí olúkúlùkù wọ aṣọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú wá síbi àṣeyẹ ìparí ọdún, pé ọmọ rẹ̀ sì ní aṣọ àwọn tó ń lọ sí òṣùpá ni òun yóò wọ̀. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tí kò tíì rí owó ilé san, kí ló kàn án nínú òṣùpá? Ẹ jẹ́ kí ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Sátẹ́láìtì NigComSat-1 tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sókè láti China ní oṣù karùn-ún ọdún 2007 kò lò ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ tí agbára iná rẹ̀ fi tán ní 2008, a sì ní láti dúró di oṣù kejìlá ọdún 2011 kí òmíràn tó gorí òkè. Ẹni tó bá béèrè ohun tí a rí gbà nínú owó náà kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè pé, "Láàárọ̀ yìí, nígbà tí èrò kan pè ọ́ láti Máfolúkù, báwo ni o ṣe mọ ilé rẹ̀?" Ó ní máàpù orí fóònù ni ó júwe rẹ̀ fún òun. Mo ní, "Ó kéré tán, sátẹ́láìtì mẹ́rin ni fóònù yẹn ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láti nǹkan bí kìlómítà 20,000 lókè, kí ó tó mọ ibi tí ó wà. O ti ń jẹun lọ́wọ́ òfuurufú, ọmọ mi. Ta ni o fẹ́ kí ó máa ṣe é fún wa títí láé?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dáhùn.

Ìyá àgbà ọmọ náà, ìyàwó mi, ni ó wá kan ọ̀rọ̀ aṣọ. Ó ti ọjà dé pẹ̀lú àpò àjákù àǹkárá. Ó ní aṣọ funfun tí àwọn Òyìnbó ń wọ̀ lọ sí òṣùpá kò níyì lójú òun rárá, kí ló dé tí a kò lè rán tirẹ̀ ní àǹkárá? Mo ní ẹnì kan ti ṣe é rí. Mo fi iṣẹ́ Yínká Ṣónibárẹ́ hàn án lórí fóònù. London ni wọ́n ti bí i ní 1962, Èkó níhìn-ín ni ó sì dàgbà sí. Ó gbẹ́ ère àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú, ó fi àǹkárá rán aṣọ wọn láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n gbé síbi àfihàn ní Wellcome Collection ní London ní 2019, ru ẹrù ilé rẹ̀ gbogbo sínú àwọ̀n kan lẹ́yìn, bí ẹni tí ibùgbé rẹ̀ bàjẹ́ tí kò mọ ibi tí yóò sùn.

Ìyàwó mi wò ó pẹ́. Ó ní, "Ará Òṣòdì nìyí." Mo mọ ohun tó ń rò. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n wó ọjà Ọwọ́nífàrí, àwa méjèèjì dúró létí títì tí à ń wo àwọn obìnrin tó ru ẹrù sórí, tó pọn ọmọ, tí wọ́n kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé wọn lọ. Bí oníṣẹ́-ọnà náà ti ṣe mú òfuurufú wá sọ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá ibi ìsinmi lórí ilẹ̀, ó yé ìyàwó mi láìsí alálàyé.

Àǹkárá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin aláṣọ mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Holland ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n fi ń ṣe àfarawé aṣọ tí àwọn ará Indonesia ń fi ọwọ́ pa láró. Àwọn ìyá wa rà á, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n fi ń ṣe ìyàwó, wọ́n fi ń sìnkú, títí ó fi di tiwa pátápátá. Bí aṣọ bá lè ti Indonesia gba Holland di ti Aswani, kí ló dé tí òṣùpá kò lè di tiwa? Bí ọ̀gá olórin fújì kan bá jẹ́ Òṣùpá, gbogbo wa a máa kí i, a kì í béèrè ohun tó kàn án lókè. Ọmọ mi kò rí èsì fọ̀ sí ìyẹn náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ dé ibi tí mo ti ń bẹ̀rù. Ìyá Ìbejì wọlé pẹ̀lú ife omi ṣúgà. Onínúure obìnrin ni, ìfẹ́ ni ó gbé e wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí n kán an sí i."

Ẹ bá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Mo dúró sáàárín òun àti ọmọ náà, mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ẹ ṣe é púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí n sọ ohun kan fún yín." Mo sì sọ gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí fún un, ọmọ náà ń gbọ́, ìyàwó mi náà ń gbọ́, ẹni tí a ti jọ ń gbé láti ọdún 1986 tí n kò sì sọ ọ́ fún rí. Nígbà tí mo parí, Ìyá Ìbejì da omi ṣúgà náà nù sínú gọ́tà. Kò sọ̀rọ̀. Ó bọ́ síta, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí Àpólò bá wọ ilé yín, ẹ má ṣe kán omi ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà, oje ewé tàbí oògùn tí ẹ kò mọ̀ sí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi omi tó mọ́ àti aṣọ tó mọ́ nu ipin kúrò. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nígbà gbogbo. Kí olúkúlùkù ní aṣọ ìnujú tirẹ̀, ẹ má sì ṣe yá ara yín ní tìróò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń dunni gan-an, bí kò bá lè wo ìmọ́lẹ̀, bí ìríran bá ṣú, tàbí bí ó bá jẹ́ ìkókó ni, ẹ má ṣe dúró, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní alẹ́, mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Abẹ́òkúta ni ó ń gbé, télọ̀ ni. Ojú kan yẹn ni ó fi ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́ láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Mo sọ fún un pé láti 1969 ni ọwọ́ tí mo fi dì í mú ti ń dùn mí. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá àgbà fẹ́ràn wa. Ẹ̀yin náà, ọmọdé ni yín. Ohun tí a kò mọ̀ ni ó ṣe wá." Ó tún dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ fi ìwọ̀n ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi. Kí ìyàwó yín kó àǹkárá náà fún awakọ̀. Èmi ni n óò rán aṣọ òṣùpá yẹn."

Ojú ọmọ náà mọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Ní ọ̀sẹ̀ àṣeyẹ, aṣọ náà dé: àǹkárá aláwọ̀ búlúù àti òféfèé tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, àpò lẹ́yìn, bọ́tìnnì lọ́wọ́. Nínú páálí kan, àbúrò mi di akèrègbè kékeré kan sí i, ó gbẹ́ ojú sí i níwájú, ó kun ún ní funfun, kí ọmọ náà lè dé e sórí bí akoto. N kò mọ̀ pé ó rántí.

Lẹ́yìn àṣeyẹ náà, ọmọ náà ní kí a gba Aswani kọjá kí òun lè kí ìyá àgbà òun. Ọjọ́ Túsìdeè ni, ọjà kún. Ọkọ̀ òfuurufú kan ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápá ọkọ̀ lókè orí wa bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wò ó. Ọmọ náà ni gbogbo ọjà ń wò. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà ni ó kọ́kọ́ pariwo, "Ẹ yà fún un o, Àpólò dé!" Àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Àpólò! Àpólò!" Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò díẹ̀díẹ̀ láàárín ìsọ̀, akèrègbè lórí, bí ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́. Bàbá rẹ̀, tó ní kí ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ń yà á ní fọ́tò. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta kí a tó dé ilé.